“Àfikún lásán ni, kò lè ba kóòdù àtijọ́ jẹ́”

Ọ̀rọ̀ yìí kì í tán nílẹ̀. Bí àwọn tó ń bójú tó èdè kọ̀ǹpútà kan bá ti ń jiyàn lórí síńtáàsì tuntun (ìlànà bí a ṣe ń kọ èdè náà), ẹnì kan á ṣáà jáde, á ní: “Kí lẹ ń rò sí? A ò yọ nǹkan kan kúrò. Ẹni tí kò bá wù kó má lò ó.”

Pé yíyọ nǹkan kúrò máa ń ba kóòdù jẹ́, ìyẹn ò nílò àlàyé. Ẹni tó bá ti gbé kóòdù láti ẹ̀dà kejì èdè Python, Python 2, bọ́ sí Python 3 ti rí ohun tí print, àṣẹ tó ń gbé ọ̀rọ̀ jáde sójú kọ̀ǹpútà, fojú rẹ̀ rí: bí a ṣe ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Èyí tí kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé fífi kún náà lè jẹ́ gbígbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ọ̀pọ̀ jù lọ èdè kọ̀ǹpútà ló ní àwọn ọ̀rọ̀ tó ti gbẹ́sẹ̀ lé, bíi if, for àti return. O ò gbọdọ̀ fi wọ́n sọ nǹkan tìrẹ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ tó kù, ẹni tó bá wù ló ń mú un, wọ́n sì ti ń mú un tipẹ́. Nítorí náà, ọjọ́ tí èdè bá tún gbẹ́sẹ̀ lé ọ̀rọ̀ mìíràn, orí ilẹ̀ tí ẹnì kan ti kọ́lé sí ló lọ dúró sí.

Ẹ wo ìlà Python yìí, tó dá fọ́ǹṣàn kan (kóòdù tí a lè máa pè lórúkọ) tó ń jẹ́ firanse sílẹ̀, tó sì fi async sọ ọ̀kan nínú ohun tó ń gbà lórúkọ:

def firanse(data, async=True):

Ó ń ṣiṣẹ́ nínú Python 3.6. Ní 2018, Python 3.7 jáde, async àti await, tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ tó lè dúró de nǹkan láì dá iṣẹ́ mìíràn dúró, di ti èdè pátápátá, ìlà kan náà sì di “SyntaxError: invalid syntax”. Ẹni tó kọ ọ́ kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

“Ṣebí kó yí orúkọ padà ni?” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Bí fọ́ǹṣàn kan bá sọnù, ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá dé ìlà tó pè é ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Ti síńtáàsì kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kì í lò, ti tó: Python kò ní gba fáìlì náà rárá, fáìlì tó bá sì ń pè é wọlé á bá a ṣubú. Lọ́pọ̀ ìgbà, fáìlì ọ̀hún kì í ṣe tìrẹ. Inú láíbìrì (kóòdù tí ẹlòmíràn kọ sílẹ̀ kí a lè máa lò ó) tó wà lábẹ́ láíbìrì mìíràn ló wà. Kombu, láíbìrì tí Celery (láíbìrì Python fún pípín iṣẹ́) gbára lé, ní apá kan tó ń jẹ́ kombu.async, wọ́n ní láti sọ ọ́ di kombu.asynchronous, ẹni tó bá sì ti kọ orúkọ àtijọ́ sínú kóòdù tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ tún un kọ. Bákan náà ni async=True òkè yẹn: gbogbo ẹni tó ń pe firanse ló ti kọ ọ́ sọ́dọ̀ tirẹ̀.

Wọ́n tún ní wọ́n ti kìlọ̀. Lóòótọ́ ni. Python 3.5 mú async àti await wá ní 2015, inú fọ́ǹṣàn tí a bá fi async def bẹ̀rẹ̀ nìkan ni agbára wọn sì mọ. Python 3.6 wá ń fún àwọn tó ń fi wọ́n sọ nǹkan lórúkọ ní DeprecationWarning, ìkìlọ̀ pé ohun tí wọ́n ń ṣe ò ní pẹ́ di èèwọ̀. Àmọ́ irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀, ńṣe ni Python 3.6 máa ń fi í pamọ́ bí o ò bá sọ pé kó fi hàn ọ́. Ìkìlọ̀ tí a gbé pamọ́ fún ẹni tí à ń kìlọ̀ fún! Ó dáa, wọ́n ti kìlọ̀.

Nígbà tó kan match, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń yan ohun tí kóòdù máa ṣe bí ohun tó bá bá pàdé ṣe rí, ní Python 3.10, wọ́n ṣọ́ra. Ọ̀kẹ́ àìmọye kóòdù ló ní match = re.match(...) nínú, níbi tí match ti jẹ́ orúkọ tí ẹni tó kọ ọ́ yàn, nítorí náà ibi tí match bá ti bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn tirẹ̀ nìkan ló ti jẹ́ ti èdè, níbi yòókù, orúkọ lásán ni. Bí wọn ò bá ti kọ́kọ́ pààrọ̀ apá tó ń ka kóòdù ní Python 3.9, èyí ì bá nira gan-an. Èdè C ní tirẹ̀ yẹra: ní 1999, nígbà tí wọ́n fẹ́ ọ̀rọ̀ fún irú ohun tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, _Bool ni wọ́n mú, torí àwọn ènìyàn ti ní bool tiwọn, C23, ẹ̀dà tuntun ìlànà C, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ bool di ti èdè.

Mi ò sọ pé kí èdè kankan má yí padà. Ó jọ pé èdè Rust ló sún mọ́ ojútùú jù: láíbìrì kọ̀ọ̀kan ń kọ ọdún òfin tó ń tẹ̀ lé, bíi 2015 tàbí 2018, wọ́n sì ń bára wọn ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n compiler rẹ̀ (ohun tó ń yí kóòdù padà sí èdè ẹ̀rọ) ló ń ru gbogbo òfin àtijọ́ kiri, bóyá títí láé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ Python, ẹ máa fi python -W default dán iṣẹ́ yín wò, ẹ má sì gbé ẹ̀dà tuntun sórí ẹ̀rọ tí àwọn oníbàárà ń lò lọ́jọ́ tó jáde. Bí ìkìlọ̀ bá tinú láíbìrì ẹlòmíràn jáde, ẹ tètè kọ̀wé sí ẹni tó ni ín. Bí ẹ̀dà tuntun bá dé tán, ẹ ó pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.