Orin tí ẹ fẹ́ fi tún ìlú ṣe, ta ni yóò máa kọ ọ́?

Àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní yunifásítì máa ń wá bá mi ní Adó-Èkìtì pé àwọn fẹ́ fi orin tún ìlú ṣe. Fẹlá ni gbogbo wọn fẹ́ dà: kí wọ́n di gbohùngbohùn mú, kí wọ́n bú ìjọba. Kò burú o. Hubert Ogunde ṣe eré Yorùbá Ronú lọ́dún 1964, ìjọba ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀. Ta ló ń fòfin de ohun tí kò dùn ún? Àmọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn wà nínú yàrá, tí bíbú ìjọba ò lè dé.

Ẹ jẹ́ ká mú dídábẹ́ fún ọmọbìnrin. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2013 fi hàn pé nínú 100 obìnrin Èkìtì tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 49, ó ju 70 lọ tí wọ́n ti dábẹ́ fún. Lọ́pọ̀ ilé, ìyá àgbà ló ń ní kí wọ́n ṣe é fọ́mọ. Ìyá àgbà kì í sì í wá wo eré ní gbọ̀ngàn yunifásítì.

Ẹ lọ sí hẹ́lítì sẹ́ńtà lọ́jọ́ ìpàdé aláboyún, kí ẹ jókòó sẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì á lé orin, àwọn aláboyún á gbè é, àtẹ́wọ́ á máa ró, àwọn kan á dìde jó toyúntoyún. Ohùn orin ṣọ́ọ̀ṣì tí gbogbo wọn mọ̀ ni nọ́ọ̀sì mú, ó kàn fi ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ọmú fífún ọmọ sí i. Kò gba dígírì nínú orin. Síbẹ̀ orin rẹ̀ ń bá obìnrin délé, torí ẹnu ara wọn ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹni tó bá sì ní ìbéèrè, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ láti dá a lóhùn.

Ẹ wá ṣọ́ ohùn orin yín. Ká ní ègbè yín ni “Ẹ má dábẹ́ fọ́mọ.” Bí ẹ bá fa “má” sórí nóòtì méjì, tí èkejì rẹlẹ̀ díẹ̀, ẹ dán an wò lẹ́nu: “Ẹ máa dábẹ́ fọ́mọ” lará ìlú ó gbọ́! Ẹ ti rán wọn níṣẹ́ nìyẹn. Nóòtì kan ṣoṣo ni kí ẹ fún “má”, kó kúrú, kí “dábẹ́” wà lókè pẹ̀lú rẹ̀. Ìparí “fọ́mọ” ni ohùn ti lè sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ fi alto àti tenor sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú orin ìbílẹ̀ Èkìtì, bíi ti Ìjẹ̀ṣà, ohùn méjì ló máa ń rìn pọ̀: bí ẹnì kan bá wà lórí nóòtì “mi”, ẹnìkejì á wà lórí “do” nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ìyá tó ń kọ alámọ̀, orin ìbílẹ̀ àwọn obìnrin Èkìtì, ò kọ́ èyí níléèwé. Ẹ lé orin, kí ẹ sinmi ariwo, wọ́n á wá ohùn kejì fúnra wọn. Èdè Èkìtì ni kí ẹ fi kọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbi tí ẹ bá lọ.

Kó má sì gùn. Àwọn tó ń ra ìbò mọ iṣẹ́ yìí jù wá lọ: “Dìbò, kó o sebẹ̀” tó gbòde nígbà ìbò gómìnà Èkìtì lọ́dún 2018, ó kúrú, ìdí ààrò ló sì kọjú sí tààrà.

Kí ẹ tó wọ ọjà, ẹ rí Ìyálọ́jà. Kí ẹ tó wọ hẹ́lítì sẹ́ńtà, ẹ rí mátíróònù. Ẹ kí wọn dáadáa kí ẹ tó máa dárúkọ yunifásítì. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ padà lọ láìmú ìlù dání, kí ẹ ní kí wọ́n kọ orin náà fún yín. Bí wọ́n bá ti yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà, ẹ má bínú, ẹ bi wọ́n ìdí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi rọ́pò tiyín gan-an ni kí ẹ kọ sínú pírójẹ́ẹ̀tì yín.