Ọ̀sán gangan ni lórí òṣùpá

Ilẹ̀ ń ṣú lábúlé, iná ìjọba ò sí, òṣùpá àrànmọ́jú ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́yìn igi ọsàn tó wà lẹ́bàá ilé ìdáná. Ó rí rọ́bọ́tọ́, ó pupa bí epo. Ẹni tó rí i sáré wọlé lọ mú fóònù, ó nà án sókè, ó tẹ̀ ẹ́. Ohun tó jáde ni bọ́ọ̀lù funfun kan láàárín òkùnkùn, tí kò lójú tí kò nímú, bíi gílóòbù iná tí wọ́n gbé kọ́ sójú ọ̀run. Ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀lé e ni pé fóònù náà ò dáa, pé kámẹ́rà olówó ńlá nìkan ló lè ya òṣùpá.

Fóònù ò jẹ̀bi. Èrò pé alẹ́ ni à ń yà ló jẹ̀bi.

Alẹ́ ti lẹ́ lábúlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú òṣùpá tó ń tàn yẹn, ọ̀sán ni. Oòrùn kan náà tó ń pa àgbẹ̀ lóko ní aago 12 ọ̀sán ló ń pa òkúta orí òṣùpá, kò sì sí ìkùukùu kankan níbẹ̀ tó lè ṣíji bò ó. Òṣùpá ò ní iná tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń dá padà, bí ògiri ilé ṣe ń ṣe lọ́sàn-án. Kódà, kò funfun. Ilẹ̀ rẹ̀ dúdú bíi títì ọlọ́dà tó ti gbó: nínú ìmọ́lẹ̀ 100 tó bá bọ́ lé e, nǹkan bíi 12 péré ló ń dá padà. Òkùnkùn tó yí i ká ló jẹ́ kó funfun lójú wa. Ẹni tó bá fẹ́ ya òṣùpá, títì ọlọ́dà lábẹ́ oòrùn ọ̀sán ló fẹ́ yà, bó ṣe yẹ kó mú un nìyẹn.

Ìdí rèé tí fíláàṣì fi ń bí ènìyàn nínú. Ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì fóònù ò ju mítà mélòó kan lọ kó tó rẹ̀ ẹ́. Òṣùpá jìnnà tó 384,400 kìlómítà. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe yára tó, ó máa ń lò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ kó tó dé ọ̀hún, yóò sì lo iye kan náà kó tó padà. Kódà ká ní fíláàṣì lè dé ibẹ̀, fóònù ti ya àwòrán tán kí ó tó bọ̀. Ẹ̀fọn tó ń fò kọjá níwájú lẹ́ǹsì nìkan ló ń rí ànfààní iná yẹn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú fóònù ló yẹ ká dúró lé lórí dáadáa. Àwọn pixel inú kámẹ́rà, ìyẹn àwọn ojú kéékèèké tó ń gba ìmọ́lẹ̀, dà bí abọ́ kéékèèké tí wọ́n tò sí àgbàlá nígbà tí òjò fẹ́ rọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni òjò náà. Bí ojú kámẹ́rà bá ṣí, òjò ń rọ̀. Bó bá padé, òjò dá. Fóònù á wá wọn omi inú abọ́ kọ̀ọ̀kan, á kọ ọ́ sílẹ̀: èyí kún dé ìdajì, èyí ní ẹ̀kán mẹ́ta, èyí gbẹ. Àkọsílẹ̀ yẹn ni àwòrán. Abọ́ fóònù kéré bíi ṣíbí ìmùkọ, ti kámẹ́rà ńlá tóbi bíi báàfù, ìdí nìyẹn tí ti kámẹ́rà ńlá kì í fi í tètè kún, tí kì í sì í tètè gbẹ.

Lálẹ́ òṣùpá, òjò náà kì í rọ̀ dọ́gba. Abọ́ díẹ̀ ló wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òrùlé páànù, níbi tí omi ti ń dà ṣọ̀ọ̀. Ìyókù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, ìrì lásán ló ń sẹ̀ sí wọn. Ètò kan wà nínú fóònù tó ń ṣọ́ abọ́ wọ̀nyí, tó ń pinnu ìgbà tí wọ́n máa kó wọn wọlé. Kì í wo abọ́ kan ṣoṣo, àròpọ̀ ló ń wò. Wọ́n ti kọ́ ọ pé bí a bá po gbogbo àwòrán pọ̀, kò gbọdọ̀ funfun jù, kò gbọdọ̀ dúdú jù, àwọ̀ eérú ni kó jẹ́. Ó wo àgbàlá, ó rí i pé abọ́ gbígbẹ ló pọ̀ jù lọ, ó ní omi ò tíì tó, ó fi gbogbo wọn sílẹ̀ síta. Kí ìrì tó di nǹkan gidi nínú àwọn abọ́ gbígbẹ, abọ́ abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ti kún, ó ti ń ṣàn dànù.

Abọ́ tó bá ti kún àkúnwọ́sílẹ̀ kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ bóyá omi abọ́ kan ló rọ̀ sí i tàbí omi ogún abọ́. Ibi tí kòtò òṣùpá wà kún. Ibi tí òkè rẹ̀ wà kún. Gbogbo wọn kún dọ́gba, kíkún dọ́gba yẹn sì ni bọ́ọ̀lù funfun tí fóònù gbé jáde. Kò sí app kankan tó lè wá kòtò náà rí níbẹ̀ mọ́, nítorí wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀ rárá. Night mode, ètò ìyàwòrán alẹ́ inú fóònù, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sá tọ̀ lójú ẹsẹ̀, tún fi kún un ni: ńṣe ló ń fi abọ́ síta pẹ́ sí i, lẹ́ẹ̀mélòó kan, tó sì ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ètò yìí gbọ́n o. Lójú agbo ìgbéyàwó, lọ́jà, nínú yàrá tí iná ò ti pọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ máa ń sún mọ́ ohun tó yẹ, ẹni tó mú fóònù ò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe ìṣirò fún òun. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó gbà pé ohun tó gba àyè jù nínú àwòrán ló ṣe pàtàkì jù.

Nítorí náà, ńṣe la ó kó abọ́ wọlé kíákíá. Fi ìka kan òṣùpá lójú fóònù, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí á fi dì í mú, kí o wá fa àmì oòrùn kékeré tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wá sísàlẹ̀. Ọ̀run á dúdú kirikiri, igi ọsàn á pòórá, bọ́ọ̀lù funfun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ díẹ̀díẹ̀ títí àbàwọ́n dúdúdúdú ojú òṣùpá á fi hàn. Àwọn tó ń lo kámẹ́rà ńlá ní òfin kan tí wọ́n há sórí: f/11 (bí ihò lẹ́ǹsì ṣe fẹ̀ tó), ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gbọ́ ìmọ́lẹ̀ tó), kí ojú kámẹ́rà ṣí fún ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá. Òfin tí wọ́n fi ń ya ohun tó wà lábẹ́ oòrùn ọ̀sán nílé ayé, f/16 ló fi bẹ̀rẹ̀, ìyókù bára mu. Òfin méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí oòrùn kan náà ni.

Ìjákulẹ̀ kejì ni pé òṣùpá kéré jù nínú àwòrán. Kò tóbi lójú ọ̀run bí ọkàn wa ṣe ń sọ. Na apá rẹ gbọọrọ, èékánná ìka ọmọńdinrín á bò ó mọ́lẹ̀ tán, yálà ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́yìn igi tàbí ó ti dé agbedeméjì ọ̀run. Títóbi tó ń tóbi nígbà tó bá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, inú orí wa ló ti ń ṣẹlẹ̀. Nínú àwòrán fóònù tó ní 4,000 pixel ní ìbú, òṣùpá kì í gbà tó 30. Fífi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ kò fi ọ̀kan kún 30 yẹn.

Àwọn fóònù kan wà báyìí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti dá òṣùpá mọ̀, wọ́n á fi ohun tí wọ́n ti kọ́ nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tún un ṣe kí ó lè mọ́ kedere. Ó rọrùn fún wọn, nítorí ojú kan náà ni òṣùpá máa ń kọ sí wa láti ọdún dé ọdún. Àwòrán tó ń jáde máa ń rẹwà. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ òṣùpá ti alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, pẹ̀lú eruku àti ìkùukùu tó wà níwájú rẹ̀, ó yẹ kó pa irú ètò bẹ́ẹ̀.

Bí òṣùpá ṣe ń tóbi lẹ́bàá ilé tàbí ènìyàn nínú àwòrán àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, kì í ṣe oògùn. Ohunkóhun tó bá jìnnà sí kámẹ́rà tó nǹkan bí ìlọ́po 110 gíga rẹ̀ á ṣe déédéé pẹ̀lú òṣùpá. Ẹni tó ga ní mítà 1.7 gbọ́dọ̀ dúró sí nǹkan bíi mítà 190 kí òṣùpá tó lè gbà á láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn là ń sún, a kì í sún mọ́ ọn, lẹ́yìn náà lẹ́ǹsì gígùn á wá fa àwọn méjèèjì wá. Àwọn ìlú bí Ìdànrè àti Ìgbẹ́tì, tí òkúta ńlá dúró sí lẹ́bàá ilé, dára fún èyí jọjọ: ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè lè wọ inú òṣùpá lójú ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún.

Tí a bá wá fẹ́ òṣùpá àti àgbàlá nínú àwòrán kan náà ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ọ̀sán fi nǹkan bí ìlọ́po 400,000 lágbára ju ìmọ́lẹ̀ òṣùpá àrànmọ́jú lọ. Òṣùpá wà nínú ti àkọ́kọ́, àgbàlá wà nínú ìkejì. Kò sí abọ́ tó lè gba méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a má dúró de ọjọ́ àrànmọ́jú. Lójoojúmọ́, òṣùpá máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ yọ ju ti àná lọ. Lọ́jọ́ tó bá kún gan-an, ìgbà tí oòrùn ń wọ̀ ló máa ń yọ, kí ó tó gòkè kọjá orí igi, ilẹ̀ ti ṣú. Lọ́jọ́ tó ṣáájú rẹ̀, ó ti yọ kí oòrùn tó wọ̀. Ojú lásán ò lè mọ̀ pé kò tíì kún tán. Ọ̀run ṣì ní àwọ̀ aró, ògiri amọ̀ ṣì pọ́n, ewé ọsàn ṣì ní àwọ̀, ìyàtọ̀ àárín òkè àti ilẹ̀ sì ti dín kù débi tí fóònù lè gbé e.

Àkókò yẹn kì í pẹ́ lọ́dọ̀ tiwa. Nílẹ̀ Yorùbá, oòrùn máa ń já lulẹ̀ tààrà ni, kì í yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ìgbà tó bá wọ̀ tán títí ilẹ̀ á fi ṣú débi tí a ò lè rí ìwé kà níta mọ́, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 lọ. Àwọn ènìyàn wa tó wà ní London máa ń rí ju ìṣẹ́jú 45 lọ nínú oṣù kẹfà. Nítorí náà, gbogbo ètò gbọ́dọ̀ ti parí kí oòrùn tó wọ̀: kí fóònù ti fara ti àpò gàrí lórí fèrèsé, kí a sì ti fi í sí ìdúró ìṣẹ́jú àáyá méjì, kí ìka má bàa mì ín. Ìpè fóònù kan tó bá wọlé lásìkò yẹn lè gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Afẹ́fẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku tó ń ti aṣálẹ̀ bọ̀ á sọ òṣùpá di pupa, á sì jẹ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù. Lẹ́yìn òjò ńlá ni ojú ọ̀run máa ń mọ́ jù. Ẹ má ya òṣùpá gba orí òrùlé páànù lọ ní kété tí oòrùn bá wọ̀. Páànù náà ṣì ń tú ooru sílẹ̀, bí a bá sì fi lẹ́ǹsì gígùn wò ó, etí òṣùpá á máa gbọ̀n bí ohun tó wà lẹ́yìn èéfín ìkòkò. Wákàtí kan lẹ́yìn náà, ara rẹ̀ á ti balẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí kòtò òṣùpá dáadáa, kó fi àrànmọ́jú sílẹ̀ pátápátá. Lọ́jọ́ yẹn, iwájú gan-an ni oòrùn ti ń tàn án, kò sí òjìji, ojú rẹ̀ á tẹ́ bí àwo. Nígbà tó bá ṣe ìlàjì ni oòrùn ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, tí kòtò kọ̀ọ̀kan á fi òjìji rẹ̀ lélẹ̀ bí ebè oko nígbà tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ láàárọ̀.

Èyí tó kù ni oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, èyí tó máa ń dùbúlẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi ní ìwọ̀ oòrùn lọ́dọ̀ wa. Nígbà mìíràn àgùàlà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ àgùàlà fi ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ fẹ̀ ju òṣùpá lọ, ó sì jìnnà tó ìlọ́po 100 rẹ̀ nígbà tó bá sún mọ́ wa jù. Fún àwòrán yìí nìkan, a lè fi abọ́ síta pẹ́, bí ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì. Etí oṣù tó ń tàn á kún àkúnwọ́sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó kún. Ohun tí à ń wá ni ìyókù ojú òṣùpá, apá tí oòrùn ò dé, tó máa rọra yọ nínú àwòrán pẹ̀lú àwọ̀ eérú. Ilẹ̀ ayé ló ń tàn án. Ní aago méje alẹ́ níbí, aago mẹ́ta ọ̀sán ni ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, ọ̀sán sì ni ní Cuba pẹ̀lú. Apá ayé tí òṣùpá kọjú sí lásìkò náà nìyẹn. Oòrùn kọ́kọ́ bọ́ lé ìkùukùu orí òkun ńlá àti ti ilẹ̀ àwọn ará wa lọ́hùn-ún, ó ta bá òṣùpá, ó wá padà bọ́ sínú fóònù tó fara ti àpò gàrí.