Alámòójútó ogún àti aáwọ̀ ẹbí

Alámòójútó ogún ni ẹni tí olóògbé dárúkọ nínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí ó kó ohun tí òun bá fi sílẹ̀ jọ, kí ó san gbèsè tó bá wà nílẹ̀, kí ó sì fi ìyókù lé àwọn tó ni ín lọ́wọ́. Bí olóògbé kò bá kọ ìwé ìhágún, ilé-ẹjọ́ ni í fún ẹnìkan ní àṣẹ iṣẹ́ yìí, ọkọ, aya tàbí ọmọ olóògbé ni ó sì sábà máa ń jẹ́. Ẹni náà kì í ṣe olówó ogún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni báńkì yóò máa bá sọ̀rọ̀. Ó ń ṣọ́ ọ fún àwọn ẹlòmíràn ni, ọ̀pọ̀ ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí kò sì ṣẹ̀yìn pé ẹni tó ń ṣọ́ ọ, tàbí àwọn tó ń retí rẹ̀, gbàgbé èyí.

Gbèsè ló ń ṣáájú ogún. Owó ìsìnkú, owó tí olóògbé jẹ àti owó-orí ni alámòójútó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni àwọn ajogún yóò pín. Nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí gbèsè bá gbé gbogbo rẹ̀ mì, àwọn ọmọ yóò lọ lọ́wọ́ òfo, ṣùgbọ́n wọn kò ní fi owó ara wọn san ìyókù. Ní Jámánì, gbèsè lè bá ogún wọ ilé ajogún, ìdí nìyẹn tí òfin ibẹ̀ fi sábà máa ń fún un ní ọ̀sẹ̀ 6 láti kọ ogún náà, láti ìgbà tó bá ti mọ̀ pé ó kan òun. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1925 kò sì fi dandan lé e pé kí alámòójútó pín ogún kí ọdún kan tó pé lẹ́yìn ikú. Lójú ọmọ tó nílò owó, ìfàsẹ́yìn àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni; ṣùgbọ́n alámòójútó tó bá kánjú pín in, tí ẹni tí olóògbé jẹ lówó wá yọjú lẹ́yìn náà, lè fi owó àpò ara rẹ̀ dí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń gbóná jù ni ibi tí alámòójútó fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ajogún. Òfin kò kà á léèwọ̀, ọ̀pọ̀ òbí ló sì ń yan àkọ́bí wọn. Ṣùgbọ́n bí àkọ́bí náà bá ta ọkọ̀ olóògbé fún ìyàwó rẹ̀, kódà ní iye tó tọ́, òun ló tà, ilé rẹ̀ náà ló rà, kò sì sí ẹni tó bá àwọn àbúrò dúnàádúrà. Ẹjọ́ Keech àti Sandford tí wọ́n dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1726 ni wọ́n ṣì ń tọ́ka sí lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ọkùnrin kan ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ ìyálò ọjà Romford fún ọmọdé kan. Nígbà tí àkókò ìyálò náà pé, ẹni tó ni ọjà kọ̀ láti tún un fún ọmọdé, ni ọkùnrin náà bá gbà á fún ara rẹ̀. Kò jí nǹkan kan, ọmọ náà kò sì ní rí i gbà bó ti wù kó rí, síbẹ̀ adájọ́ ní kí ó kó o fún ọmọ náà, tòun ti èrè tó ti jẹ níbẹ̀.

Àìfọhùn alámòójútó a máa dá ìfura sílẹ̀ ju olè gidi lọ. Àkọsílẹ̀ tó kà pé “àtúnṣe ilé”, tí iye owó wà níwájú rẹ̀ láìsí ọjọ́, láìsí rìsíìtì, tó láti sọ ọmọ ìyá méjì di olùfisùn àti olùjẹ́jọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé tí ọmọ kan ń gbé: òun ló tọ́jú òbí dé ọjọ́ ikú, òun ló tún òrùlé ṣe, àwọn yòókù sì ń bèèrè owó ìyálò lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn, aago ọwọ́ tí ìwé ìhágún kò mẹ́nu kàn ni ìjà ń dá lé lórí, bí owó rẹ̀ kò tilẹ̀ tó owó lọ́yà ọjọ́ kan.

Àwọn kan a máa pe ìwé ìhágún fúnra rẹ̀ níjà, pé orí olóògbé kò pé mọ́ nígbà tó kọ ọ́ tàbí pé wọ́n fi ipá mú un. Ní ilẹ̀ Faransé, ọmọ kò lè pàdánù gbogbo ogún nítorí ìwé ìhágún lásán: ìdajì ni òfin tọ́jú fún ọmọ kan ṣoṣo, ìdá méjì nínú mẹ́ta fún ọmọ méjì, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ajogún lè bèèrè ìṣirò owó níwájú ilé-ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ sì lè ní kí alámòójútó san ohun tó bà jẹ́ padà, tàbí kí ó yọ ọ́ kúrò. Nínú ẹjọ́ Letterstedt àti Broers ti 1884, ìgbìmọ̀ Privy Council, ilé-ẹjọ́ ìkẹyìn ní London fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà, sọ pé àìdùnnú sí ara ẹni láàárín alámòójútó àti àwọn ajogún nìkan kò tó láti yọ ọ́ kúrò. Ire àwọn tí ogún tọ́ sí ni kí adájọ́ wò. Bí ìnáwó ẹjọ́ bá sì wá láti inú ogún, bí ọdún ẹjọ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ohun tí wọ́n ń jà lé lórí yóò máa dín kù.