Ẹ́ńjìnnì agégi kejì: ìgbà tó yẹ kí onígi rà á àti ìgbà tí ò yẹ

Òwò igi ìdáná tó bá ti ń tà, ọ̀rọ̀ yìí ò ní pẹ́ yọjú níbẹ̀. Àwọn oníbúrẹ́dì ń pè, àwọn tó ń yan gàrí ń pè, àwọn tó ń yan ẹja náà ń wá, igi tó ń jáde nínú igbó ò sì ká gbogbo wọn, ni onígi bá ní òun máa ra ẹ́ńjìnnì agégi sí i, torí ẹ́ńjìnnì ló rí pé ó ń gégi, tó bá ti di méjì, igi náà á di ìlọ́po méjì nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wọgbó.

Ẹ́ńjìnnì ò dá ṣiṣẹ́ igi. Wọ́n á wó igi lulẹ̀, wọ́n á gé ẹ̀ka ara ẹ̀ kúrò, wọ́n á gé ìtì ẹ̀ ní ègé-ègé bí ààrò oníbàárà bá ṣe gùn sí, ibi tí iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì parí sí nìyẹn o. Lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi àáké là á, wọ́n á rù ú jáde sójú títì, dáínà á wá kó o, wọ́n á tò ó síbi tí atẹ́gùn àti oòrùn á ti máa kàn án kó lè gbẹ, ìgbà yẹn ló tó di ọjà. Igi tútù, omi inú ẹ̀ lè tó ìdajì ìwúwo ẹ̀, èéfín lásán ló máa ń rú, oníbúrẹ́dì tó bá rà á lẹ́ẹ̀kan ò ní fẹ́ rà á mọ́.

Gbogbo iṣẹ́ yìí so kọ́ra wọn, èyí tó lọ́ra jù nínú wọn ló ń pinnu iye igi tó máa délé. Ká ní ẹ́ńjìnnì kan lè gé igi tó kún dáínà mẹ́ta lọ́sẹ̀, àwọn tó ń fi àáké lagi ò lè là ju dáínà méjì lọ, dáínà fúnra ẹ̀ sì ráyè wá lẹ́ẹ̀mẹrin. Dáínà méjì ni onígi yẹn máa tà. Tó bá ra ẹ́ńjìnnì kejì, dáínà méjì náà ló máa tà, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ò ju pé ègé igi á pọ̀ nílẹ̀ nínú igbó, ikán á sì máa bá wọn ṣeré. Ṣùgbọ́n tó bá gba èèyàn méjì sí i tó lè lagi, igi á di dáínà mẹ́ta, ìgbà yẹn ni ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa di ohun tó ń dá iṣẹ́ dúró.

Torí náà kó tó di pé èèyàn lọ béèrè iye tí wọ́n ń tà á, kó kọ́kọ́ wọ inú igbó lọ kó wo ibi tí igi ń kó jọ sí. Tó bá jẹ́ ìtì gígùn tí wọn ò tíì gé ló ń pọ̀ nílẹ̀, tí àwọn alááké jókòó tí wọ́n ń retí iṣẹ́, a jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ni ò tó lóòótọ́. Tó bá jẹ́ ègé tí wọn ò tíì là ni, ọwọ́ alááké ni kó fi kún, pàápàá tó bá jẹ́ àyìn ni wọ́n ń gé, igi yẹn le gan-an, iná ẹ̀ sì dáa. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti là ló tò sẹ́bàá ọ̀nà, ọ̀rọ̀ mọ́tò nìyẹn. Tó bá sì jẹ́ pé ìsọ̀ ló ti kún, ẹ jọ̀ọ́, oníbàárà ni kó máa wá kiri.

Ká wá ní ẹ́ńjìnnì ló ń fà á lóòótọ́. Ó ṣì kù ká bi ara wa bóyá èyí tó wà nílẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tán, torí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní kò lágbára mọ́, ṣéènì ẹ̀ ló kú. Ṣéènì tó mú máa ń tú èérún igi tó nípọn jáde, ó sì máa ń fa ara ẹ̀ wọnú igi láìjẹ́ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́. Tó bá ti ń tú ìyẹ̀fun, tí ọpirétọ̀, ìyẹn ẹni tó ń fi ẹ́ńjìnnì gégi, ń fi gbogbo ara tẹ ẹ́, ó ti kú nìyẹn, epo á máa jó dànù, bàá, ìyẹn irin gígùn tí ṣéènì ń yí lára ẹ̀, á gbóná, apá á máa ro ọpirétọ̀. Iyanrìn ló ń pa á jù. Ìtì tí wọ́n wọ́ nílẹ̀ kún fún iyẹ̀pẹ̀ lára èèpo, tí ẹnu bàá bá sì kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré nígbà tí wọ́n ń gé ìtì, mímú ti lọ. Fáìlì roboto ni wọ́n fi ń pọ́n ọn, ó sì gbọ́dọ̀ bá ṣéènì mu: ṣéènì tí ìwọ̀n ẹ̀ jẹ́ .325 ń lo fáìlì 4.8 mm, 3/8 ti ẹ́ńjìnnì ńlá ń lo 5.2 tàbí 5.5 mm, ó kù sọ́wọ́ ẹni tó ṣe ṣéènì náà. Kí ọpirétọ̀ gbé ṣéènì mẹ́ta tí wọ́n ti pọ́n dání láti ilé, kó máa pààrọ̀ bí ọ̀kan bá ṣe ń kú, owó ẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnnì, ó sì lè fi iṣẹ́ kún ju bí èèyàn ṣe rò lọ.

Ibi tí ẹ́ńjìnnì kejì ti wúlò jù, lójú tèmi, ni kó wà fún ìgbà tí àkọ́kọ́ bá kọṣẹ́. Igi lè di bàá mú pinpin láàárín ìtì, ẹ́ńjìnnì kejì ni wọ́n á fi gé e yọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àáké ni wọ́n á fi máa gbẹ́ ẹ títí ọjọ́ á fi lọ. Okùn tí wọ́n fi ń fà á lè já, púlọ́ọ̀gì lè kú, tí igbó bá sì jìnnà sílùú, ọjọ́ iṣẹ́ gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló bàjẹ́ yẹn. Irú èyí ò pọndandan kó jẹ́ ẹ́ńjìnnì ńlá. Nínú ẹ́ńjìnnì agégi Stihl, 070 àtijọ́ tí àwọn tó ń la pákó fẹ́ràn tó bíi 105 cc (cc ni wọ́n fi ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó), MS 382 jẹ́ bíi 72 cc, MS 180 kékeré ò ju bíi 32 cc lọ. Ńlá ni kó wó igi kó sì gé ìtì, kékeré ni kó máa gé ẹ̀ka, ọpirétọ̀ ò sì ní máa gbé irin wúwo kiri torí ẹ̀ka tó tó ọrùn ọwọ́.

Tó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì á jọ máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Ọpirétọ̀ kejì tó mọṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́. Tí ẹnì kan bá ń wó igi, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó gíga igi náà lọ́nà méjì ó kéré tán. Ẹ̀mí èèyàn ò ní ìpààrọ̀, ẹni tí ò bá lè ra akoto, ohun tí wọ́n fi ń bo etí àti bàtà gidi fún ọpirétọ̀ kejì ò tíì lówó ẹ́ńjìnnì kejì.

Owó tí wọ́n fi rà á kọ́ ni gbogbo owó. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, epo ti di nǹkan tó ń jẹ èrè onígi, ẹ́ńjìnnì yìí sì ń mu epo pẹ̀lú ọ́ìlì pọ̀ ni: 20 ml ọ́ìlì tú-sítírókì sí líta epo kan tó bá jẹ́ ọ́ìlì ti Stihl fúnra wọn, 40 ml tó bá jẹ́ òmíràn, yàtọ̀ sí ọ́ìlì tó ń lọ sára ṣéènì. Èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀ láìlò náà ń jẹ owó, epo tó wà nínú ẹ̀ á dì mọ́ kabúrétọ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá nílò ẹ̀ kò ní jó. Kí wọ́n máa da epo inú ẹ̀ nù kí wọ́n tó gbé e pamọ́.

Ẹ tún wo àkókò. Nígbà òjò dáínà ò lè wọ ọ̀pọ̀ igbó, torí náà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń gé igi rẹpẹtẹ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ oṣù mélòó kan yẹn nìkan ni ẹ́ńjìnnì kan ò tó, kí wọ́n pe ọpirétọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ kó wá ṣe é, kí wọ́n sanwó fún un, iṣẹ́ tán. Kí wọ́n ka iye ọjọ́ tí wọ́n máa pè é lọ́dún, kí wọ́n fi owó ọjọ́ kan sọ ọ́ di púpọ̀, kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnnì, ti epo, ti àtúnṣe àti ti ẹni tó máa lò ó. Igi tí wọ́n láṣẹ láti gé náà ńkọ́, ṣé ó pọ̀ tó? Ẹ́ńjìnnì méjì á tètè parí ilẹ̀ oko kan, tí kò bá sí ibòmíì tí onílẹ̀ àti àwọn aláṣẹ igbó ti fọwọ́ sí, wọ́n á jókòó máa wo ara wọn ni.

Ẹni tó bá ti ṣe gbogbo ìṣirò yìí tó sì rí i pé ó yẹ kóun rà á, tó wá fẹ́ ra tọ́kúnbọ̀, kó fa okùn ẹ̀ wò kó tó jó, ó gbọ́dọ̀ le lọ́wọ́ dáadáa. Kó ní kí wọ́n tú sáílẹ́ńsà, kó wo ara písítìnì láti ihò tí èéfín ń gbà jáde. Tí ara ẹ̀ bá ń dán, ó dáa. Tí ilà gígùn-gígùn bá wà lára ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi ìṣó ha á, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ti lò ó láìpo ọ́ìlì mọ́ epo ẹ̀, kó má rà á, ì báà jẹ́ owó pọ́ọ́kú.