Kí Ni Wọ́n Ń Kà Nínú Omi Ìlúwẹ̀ẹ́?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ kò ní òkun nítòsí. Odò Ọbà ló mọ̀, gẹ́gẹ́ bí ará Ọ̀yọ́ ṣe mọ omi Erelú. Ti òkun di ìgbà ọdún Àjíǹde tàbí Kérésìmesì, tí bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti àwọn ọmọ LAUTECH bá gbéra lọ sí Èkó. Ibi yòówù kó jẹ́, àyẹ̀wò kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe: wọn á wo omi. Bó bá mọ́ gaara, ó parí, wọn á bẹ́ sí i.

Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti sọ bóyá omi dára fún ìlúwẹ̀ẹ́ kì í fi ti ojú ṣe. Wọ́n ní ohun tí wọ́n ń kà. Kì í sì í ṣe kòkòrò tó ń fa àìsàn gan-an ni wọ́n ń kà, nítorí àwọn yẹn pọ̀ lóríṣiríṣi: ti ìgbẹ́ gbuuru lọ́tọ̀, ti kọ́lẹ́rà lọ́tọ̀, ti etí àti ojú lọ́tọ̀. Bí a bá ní ká máa wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, owó á tán, òmíràn sì lè wà nínú odò kó má bọ́ sínú ìgò tí a fi bu omi. Ipasẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ọdẹ tó rí ipasẹ̀ ẹtu nínú ẹrẹ̀ kò tíì rí ẹtu, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ó gba ibẹ̀ kọjá. Ipasẹ̀ tiwọn ni kòkòrò àìfojúrí méjì tó ń gbé inú ìfun ènìyàn àti ẹran, E. coli àti enterococci. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Àmọ́ ibi tí wọ́n bá pọ̀ sí, ìgbẹ́ ti dé ibẹ̀, ohunkóhun tó sì bá ìgbẹ́ rìn lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú òkun, enterococci ni wọ́n gbójú lé jù. Omi iyọ̀ máa ń tètè pa E. coli, ipasẹ̀ á wá parẹ́ nígbà tí ewu ṣì wà nílẹ̀.

Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń kà á ni mílílítà 100, ìyẹn ìdámárùn-ún omi inú ọ̀rá píọ wọ́tà kan. Ẹni tó fẹ́ bu omi náà á wọ odò títí omi á fi mù ún dé ìbàdí. Á dojú ìgò tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀ délẹ̀, á rì í wọlé tó ìwọ̀n rúlà ọmọ iléèwé kan, kó tó yí ẹnu rẹ̀ sókè, kí pàǹtí ojú omi má baà kó sínú rẹ̀. Ó di inú kúlà oníyìnyín, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ lọ́nà. Ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á fa omi náà gba inú asẹ́ bébà kan tí ihò rẹ̀ kéré débi pé kòkòrò náà kò lè là á kọjá. Wọ́n á tẹ́ bébà yẹn sórí oúnjẹ kan tó dì bí ẹ̀kọ tútù nínú àwo pẹlẹbẹ, wọ́n á wá gbé e sínú àpótí tí ooru rẹ̀ ju ti ara ènìyàn lọ díẹ̀. Bó bá fi máa di wákàtí 24, kòkòrò kọ̀ọ̀kan tó wà láàyè á ti bí, á ti rẹ̀, á ti di àmì róbótó tí ojú lè rí. Lórí oúnjẹ tí wọ́n ń lò fún enterococci ní Amẹ́ríkà, àwọ̀ búlúù máa ń yí àmì náà ká. Òṣìṣẹ́ á jókòó tì í, á máa kà á: ení, èjì, ẹ̀ta.

Iye tó bá kà ni wọ́n á gbé sórí òdiwọ̀n. Nínú òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe ní 2006, òkun tí wọ́n máa pè ní èyí tó dára jù lọ kò gbọdọ̀ ju enterococci 100 àti E. coli 250 lọ. Ti odò àti adágún fẹjú díẹ̀: 200 àti 500. Wọn kì í sì í fi ìgò kan ṣoṣo dájọ́. Ó kéré tán, ìgò 16 láàárín ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń kó jọ, wọ́n á sì ṣírò ó débi pé bí ènìyàn bá bu omi níbẹ̀ nígbà 100, ìgbà 95 nínú rẹ̀ ni kò ní kọjá iye yẹn. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní tiwọn, sọ nínú ìlànà 2003 pé níbi tí enterococci bá ti lé ní 500 báyìí, ó lé ní ènìyàn kan nínú mẹ́wàá tí inú á yọ lẹ́nu lẹ́yìn ìlúwẹ̀ẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Ní Nàìjíríà, àjọ NESREA ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ omi odò, ìlànà wọn sì ti wà lórí ìwé láti 2011. Kí èsì àyẹ̀wò wà lára pátákó létí omi ni kò wọ́pọ̀.

Wákàtí 24 yẹn ni àléébù ńlá. Ẹni tó bu omi lónìí, ọ̀la ni yóò gbọ́ èsì, omi tó bù sì ti ṣàn lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń wo ojú ọ̀run ju àwo lọ. Ní ìlú Paris, nígbà Olympics 2024, wọ́n ti ná bílíọ̀nù €1.4 kí odò Seine lè ṣe é wẹ̀, odò tí wọ́n fòfin de ìlúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ ní 1923. Òjò rọ̀, ìdíje triathlon (ìlúwẹ̀ẹ́, kẹ̀kẹ́ gígùn àti eré sísá) ti àwọn ọkùnrin tó yẹ kó wáyé ní 30 oṣù Keje di ọjọ́ kejì. Kí ni òjò àkọ́rọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ á wá kó wọ Ọbà, lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí gọ́tà, ìdí igbó àti ojú ọ̀nà màlúù ti ń kó tiwọn jọ? Ọjọ́ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn òjò ńlá ni wọ́n sábà máa ń ní kí ènìyàn fi jìnnà sí irú omi bẹ́ẹ̀.

Oòrùn ní tirẹ̀ ń ṣe ìrànwọ́. Ìtànṣán rẹ̀ ń pa kòkòrò ìgbẹ́, ni omi ọ̀sán fi máa ń kà dín sí ti àárọ̀ kùtù. Ibi tí odò wa ti yà kúrò lára òkun gan-an nìyí, nítorí oòrùn kan náà ló ń mú kí aràn àtọ̀sí ajá, àìsàn títọ ẹ̀jẹ̀, jáde sínú omi. Ìṣáwùrú inú omi tí kò níyọ̀ ló ń gbé ọmọ aràn rẹ̀, agbede ọ̀sán sì ni wọ́n máa ń tú jáde jù. Wọn kò dúró de kí ènìyàn gbé omi mì, awọ ara ni wọ́n ń gún wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó lè tó oṣù mélòó kan kí ọmọ tó wẹdò tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀. Praziquantel ni oògùn rẹ̀. Omi lè yege nínú kíka E. coli láìsí àríwísí, kí èyí sì wà nínú rẹ̀, torí kò sí lára ohun tí wọ́n kà.

Àyẹ̀wò tirẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n á fi asẹ́ wa ìṣáwùrú lábẹ́ ewé etí omi, wọ́n á fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ife dígí tí omi tó mọ́ wà nínú rẹ̀, wọ́n á gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń ta sí i. Bí ìṣáwùrú náà bá ru ẹrù, kò ní ju wákàtí bíi mélòó kan lọ tí ẹni tó bá fi awò sójú á fi rí wọn nínú omi gaara yẹn, ohun tíntìntín tó ń jù kiri, tí ìrù wọn là sí méjì.