Bí A Ṣe Ń Wọn Eruku Tí Ọkọ̀ Ń Tú Sáfẹ́fẹ́

Eruku tó ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní jàǹbá jù lẹ́bàá títì kì í ṣe èyí tí ojú ń rí. PM2.5 ni wọ́n ń pè é. Fífẹ̀ rẹ̀ kò tó ìdá ogún fífẹ̀ irun orí kan, ìdí nìyẹn tó fi ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà, tí òmíràn sì ń ti ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀nà tó ṣeé gbọ́kàn lé jù láti mọ iye rẹ̀ ni pé kí a gbé e lé ìwọ̀n. Wọ́n á mú asẹ́ pẹlẹbẹ kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sínú yàrá tí ooru àti ọ̀rinrin ibẹ̀ kì í yí padà, wọ́n á sì wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́. Irú èyí tí Amẹ́ríkà ń lò ń fa lítà 16.7 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá ṣe é fún wákàtí 24, ó ti fa kúbíkì mítà 24. Kí afẹ́fẹ́ yìí tó dé ara asẹ́, ó gbọ́dọ̀ yà lójijì nínú ẹ̀rọ náà. Eruku ńlá kò lè yà bẹ́ẹ̀, àfi kó lọ forí sọ ògiri bí ọkọ̀ tó fi eré àsápajúdé wọ kọ́nà. Kékeré ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ.

Wọ́n á tún asẹ́ náà wọ̀n. Ká ní ó fi màíkírógíráàmù 480 wúwo sí i (mílíọ̀nù kan rẹ̀ ló wà nínú gíráàmù kan), a ó pín in sí ọ̀nà 24, yóò jẹ́ 20 nínú kúbíkì mítà kan. Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìpíndọ́gba ọdún kò yẹ kó kọjá 5.

Àmọ́ ọkọ̀ nìkan kọ́ ló ni 20 yẹn, ibí gan-an ni iṣẹ́ náà sì ti ta kókó. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀rọ kan wà létí Marylebone Road, títì tí ọkọ̀ kì í dá níbẹ̀. Òmíràn wà ní North Kensington, nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan tó jìnnà sí títì ńlá. Bí a bá yọ iye ti ìkejì kúrò nínú ti àkọ́kọ́, ohun tó ṣẹ́ kù la lè sọ pé títì yẹn ló fà á. Àyẹ̀wò ohun tó lẹ̀ mọ́ asẹ́ ló ń tú ìyókù fó: èròjà báríọ́ọ̀mù ń tọ́ka sí bíréèkì, èròjà síǹkì sí táyà, èédú dúdú sí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná pàápàá kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí ó ní táyà àti bíréèkì.

L'Ékòó, ìyọkúrò yìí tilẹ̀ ṣe kókó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà ọyẹ́, eruku aṣálẹ̀ Sàhárà á bo ìlú, èéfín jẹnẹrétọ̀ á sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ kan ṣoṣo sí Òṣòdì kò lè torí iye tó rí di gbogbo ẹ̀bi ru dánfó, àfi tó bá ní òmíràn ní àdúgbò tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí.

Àwọn ẹ̀rọ kékeré olówó pọ́ọ́kú kì í wọn ìwúwo rárá. Iná lésà ni wọ́n ń tàn sí eruku, wọ́n á wá fi bí iná náà ṣe fọ́n ká ṣírò iye rẹ̀. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀, eruku á fa omi mu, á wú, ẹ̀rọ á sì ka iye tó ju òótọ́ lọ. Nítorí èyí, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ alásẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ní àsìkò òjò àti ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n tó lè mọ bí wọ́n ṣe máa tún ìṣirò rẹ̀ ṣe.