Àkọsílẹ̀ igi, ẹyẹ àti ẹranko Igbó Ọ̀ṣun, Òṣogbo

Àkọsílẹ̀ ohun ẹlẹ́mìí ni iṣẹ́ kéèyàn wá gbogbo igi, ewé, ẹyẹ, ẹranko, kòkòrò àti ẹja tó ń gbé orí ilẹ̀ kan tó ní ààlà, kó kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì fi orúkọ, ọjọ́, ibi tó ti rí wọn àti ẹni tó rí wọn kún un. Ilẹ̀ náà lè jẹ́ oko ẹbí, ó lè jẹ́ ọgbà yunifásítì, ó sì lè jẹ́ igbó òrìṣà. Ní Òṣogbo, ibi tí iṣẹ́ yìí ti nítumọ̀ jù ni Igbó Ọ̀ṣun, igbó hẹ́kítà 75 tó wà létí odò Ọ̀ṣun, tí ilẹ̀ hẹ́kítà 47 mìíràn tún yí ká láti dáàbò bò ó. Ọdún 2005 ni UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Àṣà, ojúbọ àti ère ibẹ̀ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é, kì í ṣe ẹranko tàbí igi, ìyẹn sì lè jẹ́ ara ìdí tí ọ̀pọ̀ ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa igbó náà fi máa ń sọ púpọ̀ nípa ère, tí wọ́n á wá fi gbólóhùn kan tàbí méjì ránṣẹ́ sí igi.

Èèwọ̀ tó pa igbó mọ́

Ìtàn ìlú sọ pé ọ̀dá omi ló lé Lárọ̀óyè àti ọdẹ tó ń jẹ́ Tìmẹ́hìn kúrò ní Ìpólé, wọ́n wá omi wá títí wọ́n fi dé etí odò Ọ̀ṣun, wọ́n gé igi, igi wó sínú omi, ohùn kan sì ké látìsàlẹ̀ pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Nígbà tó yá ẹja ńlá kan jáde wá jíṣẹ́ Ọ̀ṣun, Lárọ̀óyè tó jẹ́ ọba tẹ́wọ́ gbà á, ibẹ̀ ni oyè Àtàọ́jà ti wá, ìyẹn Atẹ́wọ́gbẹja. Téèyàn bá wò ó dáadáa, igi kan àti ẹja kan ló wà nídìí ìtàn ìlú yìí.

Èèwọ̀ ni kéèyàn dọdẹ, kó pẹja tàbí kó gé igi nínú igbó náà. Nígbà kan rí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìlú Yorùbá ló ní igbó òrìṣà tiẹ̀, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti di ilé àti oko, ti Òṣogbo ló tóbi jù nínú àwọn tó ṣẹ́kù. Òun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, torí láàárín ọdún 1950 sí 1960 àwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ ka èèwọ̀ yẹn sí mọ́, wọ́n ń gégi, wọ́n ń dọdẹ. Susanne Wenger, ará Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, táwọn èèyàn mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, pẹ̀lú àwọn àwòrò àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú, ló dìde sọ́rọ̀ náà. Wọ́n sọ apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ dé hẹ́kítà 75 ní 1992. Òṣogbo náà ni Wenger kú sí ní 2009.

Igi àti ewé

Ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀ fún UNESCO sọ pé ẹ̀yà igi àti ewé tó wà nínú igbó náà lé ní 400, àti pé ó lé ní 200 nínú wọn táwọn èèyàn mọ̀ sí oògùn. Iye yẹn dára láti mọ̀, àmọ́ iye nìkan ò tó. Ohun tó ń sọ nọ́ńbà di ìmọ̀ ni lísìtì tó wà nídìí ẹ̀, orúkọ kọ̀ọ̀kan, àti ewé gbígbẹ tẹ́lòmíì lè gbé wò lẹ́yìn 50 ọdún kó sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ewé gbígbẹ rèé. Wọ́n á gé ẹ̀ka kékeré tó ní ewé àti òdòdó tàbí èso, torí ewé nìkan lè tan ọ̀jọ̀gbọ́n gan-an jẹ. Wọ́n á tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, wọ́n á fi pákó méjì dì í mọ́ra pinpin, wọ́n á máa pààrọ̀ ìwé ìròyìn yẹn lójoojúmọ́ títí omi ara ewé á fi gbẹ, pàápàá nígbà òjò tí olú máa ń tètè hù sí i. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, wọ́n á kọ ibi tí wọ́n ti já a, bí igi ṣe ga tó, àwọ̀ òdòdó nígbà tó ṣì tutù (torí àwọ̀ kì í dúró), orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, àti orúkọ ẹni tó já a. Ibi tí irú ẹ̀ pọ̀ sí jù ní Nàìjíríà ni Forest Herbarium Ibadan tí wọ́n ń pè ní FHI, lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó FRIN ní Jericho, Ìbàdàn, tó ní ewé gbígbẹ tó lé ní 100,000. Láti Òṣogbo, ìrìn àjò àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ ni, olùwádìí tó bá fẹ́ fi ewé wé ewé ò nílò láti lọ ìlú òyìnbó.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé èèwọ̀ ò gbà kí wọ́n gé nǹkan nínú Igbó Ọ̀ṣun. Ohun tó bójú mu ni kéèyàn kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́dọ̀ àwọn àwòrò Ọ̀ṣun àti àjọ tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, kó sì tẹ̀ lé ohun tí wọ́n bá fọwọ́ sí. Níbi tí wọn ò bá ti fọwọ́ sí gígé, fọ́tò lè gbà á dúró díẹ̀, àmọ́ fọ́tò kan ò tó: ó yẹ kí ti èèpo igi wà níbẹ̀, ti ojú ewé àti ẹ̀yìn ewé, ti ibi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, àti ti òdòdó tàbí èso tó bá já bọ́ sílẹ̀. Fún igi ńlá wọ́n tún máa ń fi téèpù wọn yíyíká ìdí ẹ̀ níbi tó ga tó mítà 1.3 sílẹ̀, kí ẹni tó bá padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá lè mọ bó ṣe dàgbà sí.

Ọ̀rọ̀ orúkọ

Ibí lọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Kí olùwádìí kankan tó gbé bírò, Yorùbá ti sọ igbó lórúkọ, àwọn tí orúkọ yẹn sì wà lọ́wọ́ wọn ni ọdẹ, ẹlẹ́wé ọmọ, babaláwo, onísègùn àti àwọn ìyá tó ń ta àgbo. Pierre Fátúmbí Verger, ará Faransé tó di babaláwo, fi ọ̀pọ̀ ọdún kó irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ, ìwé ẹ̀ tó ń jẹ́ Ewé sì jáde ní 1995, ó fi hàn pé orúkọ ewé àti ọ̀rọ̀ ọfọ̀ tí wọ́n ń pè sí i sábà máa ń bára wọn mu. Ìyẹn túmọ̀ sí pé orúkọ kì í ṣe àmì lásán, iṣẹ́ ewé wà nínú ẹ̀.

Àmọ́ orúkọ Yorùbá àti orúkọ sáyẹ́ǹsì kì í fìgbà gbogbo bára dọ́gba. Akòko ò lè runi lójú, Newbouldia laevis ni. Ayùnrẹ́ ní tiẹ̀, igi mélòó kan láti ìdílé Albizia ló ń jẹ́ ẹ, torí náà tí lísìtì bá kọ "ayùnrẹ́" nìkan, kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tí wọ́n rí. Ó tún ṣẹlẹ̀ lódìkejì, ewé kan á lórúkọ púpọ̀: Chromolaena odorata, ewé tó ti Amẹ́ríkà wá tó sì bo gbogbo ààtàn àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, àwọn kan ń pè é ní ewé Akíntọ́lá, àwọn míì ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀. Ẹni tó bá rí i pé ó ń pọ̀ sí i láàlà igbó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, torí ibi tí igi ńlá bá ti wó tí oòrùn ráyè wọlé ló máa ń gbà.

Àwọn kan rò pé orúkọ sáyẹ́ǹsì ló dúró sójú kan, ti Yorùbá ló ń yí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrókò ni ìrókò ń jẹ́ látayébáyé, àmọ́ nínú àwọn ìwé àtijọ́ Chlorophora excelsa ni wọ́n kọ, ó ti di Milicia excelsa báyìí. Ewúro tí a mọ̀ sí Vernonia amygdalina, Gymnanthemum amygdalinum ni àwọn onímọ̀ ewéko ń kọ nísinsìnyí. Àkọsílẹ̀ tó dáa máa ń kọ orúkọ méjèèjì, á sì kọ ìlú tí ẹni tó sọ orúkọ Yorùbá náà ti wá, torí ti Òṣogbo lè yàtọ̀ sí ti Oǹdó tàbí ti Ìjẹ̀bú.

Ẹyẹ

Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ń ka ẹyẹ, kí oòrùn tó mú, etí sì ń ṣiṣẹ́ ju ojú lọ nínú igbó tó ṣú. Ìgbe ẹ̀lúlùú ni wọ́n sábà máa ń gbọ́ kí wọ́n tó rí òun fúnra ẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ yìí lè bẹ̀rẹ̀ látinú ohun tí wọ́n gbọ́ nílé: agbe ló laró, àlùkò ló lòsùn, lékèélékèé ló lẹfun. Àwọ̀ tí wọ́n á fi dá ẹyẹ mọ̀ ti wà nínú ẹ̀, aró, osùn, ẹfun, mẹ́ta pérépéré. Àṣá àti àdàbà ló máa ń fún èèyàn níṣòro, torí orúkọ kọ̀ọ̀kan kó ju ẹ̀yà ẹyẹ kan lọ.

Iṣẹ́ tó ń lọ káàkiri orílẹ̀-èdè lórí ẹyẹ ni Nigerian Bird Atlas Project. Wọ́n pín ilẹ̀ Nàìjíríà sí igun-igun, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bíi kìlómítà 9, olùwòran á lo wákàtí méjì ó kéré tán nínú igun kan, á máa kọ ẹyẹ bó ṣe ń rí wọn tẹ̀léra sórí fóònù pẹ̀lú áàpù BirdLasser, lísìtì kan sì lè gba tó ọjọ́ márùn-ún. Ó wúlò gan-an, ṣùgbọ́n gbogbo Igbó Ọ̀ṣun ò pé ìdá kan nínú 100 irú igun bẹ́ẹ̀, torí náà ẹyẹ tó wà lórí lísìtì igun yẹn lè jẹ́ ẹyẹ ọjà tàbí ti oko ẹ̀yìn ìlú. Igbó náà ṣì nílò lísìtì tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Àpẹẹrẹ ohun tí igbó kékeré lè gbé pamọ́ wà nítòsí. Ìbàdàn ni wọ́n ti fi ẹyẹ kan tó jọ ẹ̀gà, tó dúdú tó sì ní pupa lórí, han ayé ní 1958, Malimbus ibadanensis lorúkọ ẹ̀, gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló sì wà ní gbogbo ayé. Igbó inú ọgbà IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ń rí i.

Ẹranko, ẹja àti kòkòrò

Ọ̀bọ làwọn àlejò máa ń kọ́kọ́ rí ní Igbó Ọ̀ṣun, pàápàá Cercopithecus mona, tí èèyàn ti mọ́ lójú. Ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra láti má fi èyí tó ń ṣeré lẹ́nu ọ̀nà ṣírò iye tó wà nínú gbogbo igbó. Òkété, ọ̀yà, ẹtu àti òòrẹ̀ kì í jáde lọ́sàn-án bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ wọn, ìgbẹ́ wọn àti kámẹ́rà tí wọ́n so mọ́ ìdí igi ló ń sọ pé wọ́n wà níbì kan. Ẹni tó mọ àdán yàtọ̀ sí òòbẹ̀ ti ya àdán ńlá tó ń jèso sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn kékeré tó ń jẹ kòkòrò, ìyàtọ̀ tí ìwé bayọ́lọ́jì náà ń ṣe.

Fún kòkòrò, wọ́n máa ń tan iná síwájú aṣọ funfun lóru. Fún ẹja, àwọ̀n ò ṣeé dà sódò yẹn nítorí èèwọ̀, wíwò látetí omi ló kù. Omi ọ̀hún ti yí padà pẹ̀lú, torí ìwakùsà góòlù lápá òkè odò ti sọ ọ́ di pupa-bí-amọ̀, ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì kìlọ̀ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má mu ún nígbà ọdún Ọ̀ṣun.

Àkókò, àti pípadà lọ

Lísìtì ẹ̀ẹ̀kan ò ṣeé gbára lé. Àwọn ẹyẹ kan máa ń ti ilẹ̀ Yúróòpù wá bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọn ò sì ní padà títí di bíi Máàṣì tàbí Épírì. Ọ̀pọ̀ igi máa ń yọ òdòdó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, olú àti ọ̀pọ̀lọ́ sì di ìgbà òjò. Oṣù Ògọ́ọ̀sì tí wọ́n ń ṣọdún Ọ̀ṣun ni èrò pọ̀ jù nínú igbó, ó ṣeé ṣe kí ẹranko sá sẹ́yìn nígbà yẹn, torí náà ẹni tó bá ka ẹranko lásìkò yẹn gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lísìtì ẹ̀ pé ìgbà ọdún ni. Wákàtí tí wọ́n lò àti iye èèyàn tó lọ gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé pẹ̀lú, kí "a ò rí i" má baà di "kò sí níbẹ̀".

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1855, Charles Darwin àti olùkọ́ àwọn ọmọ ẹ̀ ka ewé inú pápá kan nítòsí ilé ẹ̀, wọ́n rí ẹ̀yà 142. Nítorí pé wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn onímọ̀ padà síbẹ̀ ní 2005, wọ́n tún un kà, wọ́n sì rí èyí tó ti lọ àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ibi tí dátà ń lọ

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí lónìí sábà máa ń fi fọ́tò sórí ìkànnì iNaturalist, wọ́n á fi lísìtì ẹyẹ sórí ìkànnì eBird, púpọ̀ nínú ẹ̀ á sì dé GBIF, àkójọ àgbáyé tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dáa kí ẹ̀dà kan wà ní Òṣogbo pẹ̀lú, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú igbó àti ní yunifásítì ìlú, ní èdè Yorùbá, torí àwọn tí wọ́n bi léèrè orúkọ ewé lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ohun tí wọ́n fi orúkọ náà ṣe. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kì í gbé síta pátápátá ni ojú ibi tí odídẹrẹ́ ń sùn sí tàbí ihò akíka. Wọ́n máa ń kọ orúkọ ìlú nìkan fún àwọn yẹn, ibi gan-an á wà nínú ìwé lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ igbó.